Alágbàtọ́ Mẹ́ta Lórí Ilẹ̀ Kan: Ẹ̀rí Elésì Odògbolú àti Owó Báǹkì

Ní ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí bí àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ń ní ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó, àti bóyá wọ́n ń tà á. Ogún ọdún péré ni ó ti kọjá nígbà náà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rí tí ó dé iwájú ìgbìmọ̀ náà, èyí tí ayé kò gbàgbé ni ti ìjòyè kan, Elésì ti Odògbolú. Ohun tí ó wí ni pé lójú tirẹ̀, ìdílé ńlá kan ni ó ni ilẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò sì tíì bí kò lóǹkà. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí àwọn amòfin àti àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí ní ibi gbogbo tí a bá ti ń sọ nípa ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú.

Ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde kò wà ní ibi tí ó wà ní 1912 mọ́. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ṣágámù lọ sí Bìní gba àgbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Odògbolú kọjá. Èkó kò jìnnà, ilẹ̀ Èkó sì ti wọ́n kọjá agbára òṣìṣẹ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó ń fi ilẹ̀ àti ilé ṣòwò ṣe ń kọjú sí ìlú Ìjẹ̀bú, tí oko kòkó àti oko obì àtijọ́ ń di pulọ́ọ̀tì. Púpọ̀ nínú àwọn olùrà yìí kò mú owó ara wọn wá. Owó báǹkì ni wọ́n fẹ́ yá, tàbí kí wọ́n ra ilẹ̀ lónìí kí wọ́n lè fi í yáwó lọ́la. Níbẹ̀ ni ọ̀ràn gbé le. Báǹkì ń fẹ́ ilẹ̀ tí òun lè tà bí a kò bá san gbèsè. Elésì sì ti wí pé ẹni tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ni ín kò tíì wá sáyé, tàbí kí ó ti kúrò níbẹ̀.

Òfin mẹ́ta ni ó pàdé lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ti ìdílé, ti ìjọba, àti ti owó. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan yanjú tí ó fi méjì sílẹ̀ kò tíì kàwé. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fínnífínní, a ó rí i pé ohùn kan ni wọ́n ń fọ̀. Alágbàtọ́ ni olórí ẹbí jẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ wọn. Alágbàtọ́ ni Gómìnà jẹ́ fún ará ìlú. Alágbàtọ́ ni báǹkì jẹ́ fún àwọn tí ó kó owó wọn pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè wí pé "bẹ́ẹ̀ ni" ní orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Àìmọ èyí ni ó ń sọ olùrà di ẹni tí ó fi owó ra ẹjọ́.

ÒFIN ÌDÍLÉ

Òfin àkọ́kọ́ kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n kóòtù mọ̀ ọ́n, ó sì ń fi í dájọ́. Ní 1921, nínú ẹjọ́ tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, bá ìjọba ṣe lórí ilẹ̀ Àpápá, Ìgbìmọ̀ Olùdájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ àti ti ìdílé, àti pé bí ìjọba bá gbà á, ó gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Herbert Macaulay wà pẹ̀lú Olóyè náà nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ọ̀ràn yìí.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ìdílé, ta ni ó lè tà á? Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ṣe ní 1959 láàárín Ekpendu àti Erika ni àwọn amòfin ṣì ń gbára lé. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ti olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò sí rárá. Bí ìgbà tí a kò tà á ni. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí ìfẹ́nukò àwọn àgbà ẹbí tí ó jẹ́ òpó ilé, títà náà dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ni ó fi dúró: àwọn àgbà náà lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì wó o. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń rajà. Ti àkọ́kọ́, owó rẹ̀ ti ṣòfò láti ọjọ́ tí ó ti san án. Ti ìkejì, ó lè kọ́ ilé, kí ó kùn ún, kí ó sì máa gbé inú rẹ̀ lórí ìfòyà.

Àwọn wo wá ni òpó ilé? Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọkùnrin tí ó ní ìyàwó púpọ̀ bá kú, ìdí-igi ni a fi ń pín ogún rẹ̀: ìpín kan fún ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ọmọ kan ni ìyá kan bí, kí èkejì bí mẹ́fà. Bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè ní kí a pín in ní orí-ò-jorí. Ẹjọ́ lórí ogún Suberu Dawodu, tí ó kú ní Èkó ní 1940 tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, dé iwájú Ìgbìmọ̀ Olùdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà tí ó gbòde. Nítorí náà, ẹ̀ka ìyá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó ń ṣojú rẹ̀ níbi tí a bá ti ń ta ilẹ̀ ẹbí.

Ti Ìjẹ̀bú tún fi kún un. Peter Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, ṣe ìwádìí ilẹ̀ ní Òǹdó, ní Ìjẹ̀bú, ní Adó-Èkìtì àti ní Ẹ̀gbá fún ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá tí ó jáde ní 1962. Ó fi hàn pé níbi tí ìdílé ní ìlú Yorùbá mìíràn ti ń tọ ipa bàbá, ti Ìjẹ̀bú ń tọ ipa bàbá àti ti ìyá pọ̀. Ọmọ tí obìnrin ilé bí sí ilé ọkọ ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ bàbá ìyá rẹ̀. Ẹnì kan náà lè jẹ́ ọmọ ilé méjì tàbí mẹ́rin. Ohun tí ó ń bí ẹjọ́ nìyí fún àlejò tí kò mọ̀: ó bá baálé àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba owó, wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ ìyá kan tí ó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù yọjú, ó ní a kò bi òun. Òótọ́ ni ó sì ń sọ.

Kò yẹ kí a ka èyí sí ìwà ọ̀tẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ oníjàgídíjàgan wà, tí wọ́n ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe òfin ní 2016 láti fi dènà àwọn tí ó ń fi ipá wọ orí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹbí tí a kò bi léèrè kì í ṣe jàgùdà. Ohun tí Elésì sọ ni ó ń sọ: díẹ̀ ni àwọn tí ó wà láàyè, kí wọ́n tó dá ìpinnu ṣe fún ọ̀pọ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó kéré tán kí àwọn díẹ̀ náà pé.

ÒFIN ÌJỌBA

Òfin kejì dé ní ọjọ́ 29 oṣù March ọdún 1978, nígbà tí Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo ń ṣe olórí ìjọba ológun. Òun ni Òfin Lílo Ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ kan ti bọ́ sí ọwọ́ Gómìnà ìpínlẹ̀ náà, kí ó máa ṣe alágbàtọ́ rẹ̀ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìwé òfin àpapọ̀ ti 1979 àti ti 1999 fi odi yí i ká tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè yí i padà àyàfi bí a bá gba ọ̀nà líle tí a ń gbà yí òfin àpapọ̀ fúnra rẹ̀.

Òfin yìí pín ilẹ̀ sí méjì. Èyí tí Gómìnà bá kéde pé ó jẹ́ ti ìgboro, ọwọ́ Gómìnà ni ẹ̀tọ́ láti gbé orí rẹ̀ ti ń wá. Èyí tí kì í ṣe ti ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ti àbáláyé lórí rẹ̀, bí kò bá ju hẹ́kítà 500 lọ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí hẹ́kítà 5,000 fún ìjẹko ẹran. Ní ti ilẹ̀ ìgboro tí ẹnì kan ti ní kí òfin tó dé tí kò tíì kọ́ nǹkan sí, ìdajì hẹ́kítà ni òfin fi sílẹ̀ fún un. Bí a bá fi pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 wọ̀n ọ́n, ìdajì hẹ́kítà kò ju bí méje ààbọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ pé ẹbí kan ní sarè ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní ìgboro gbọ́dọ̀ rántí òǹkà yìí kí ó tó tú àpò.

Ibi tí ó kan olówò jù lọ ni abala 21, 22 àti 26. Abala 22 wí pé ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ọwọ́ Gómìnà kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn lò, kò gbọdọ̀ fi í dógò, láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Abala 21 béèrè ìyọ̀ǹda tirẹ̀ fún ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Abala 26 sì gé e kúrú: ohun tí a bá ṣe lódì sí òfin yìí, asán ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin 1978 ti pa ti ìdílé rẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin náà kò sọ ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ di onílẹ̀, kò sì gba ẹ̀tọ́ onílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1990, nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni, ilé ẹjọ́ kan náà ti la ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní C of O yé wa. Ìwé náà jẹ́ ẹ̀rí pé a gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni ó ni ẹ̀tọ́, títí di ìgbà tí ẹlòmíràn bá fi hàn pé ẹ̀tọ́ òun ṣáájú. Kì í sọ ẹni tí kò ní ilẹ̀ di onílẹ̀. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá rà lọ́dọ̀ ìdílé, ewé rẹ̀ yóò rọ lọ́wọ́ ìjọba.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀? Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ to ọ̀nà márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ ní 1976 nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé tí ó múná dóko, lílo ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀ láìsí ìjà, àti níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà, tí ó fi jọ pé ọwọ́ kan náà ni ó ni méjèèjì. Ìwé wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn àgbà ni ó ṣíwájú. Ìdí nìyí tí olùrà tí ó gbọ́n fi ń jókòó gbọ́ ìtàn ilẹ̀ lẹ́nu baálé, tí ó sì ń lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó bá ilẹ̀ náà pààlà, kí ó tó kàn sí awọnlẹ̀.

ÒFIN OWÓ

Yíyá owó lórí ilẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun ní Ìjẹ̀bú. Kí báǹkì tó dé, ẹni tí owó ká mọ́ a máa fi oko kòkó tàbí igi obì rẹ̀ dógò. Ẹni tí ó yá a lówó yóò máa kórè, ìkórè náà sì ni èlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ní ààlà kan tí kò ṣeé rékọjá: ohun tí a fi dógò kì í di ti ẹni tí a fi í dógò sí. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá, ogójì ọdún lè kọjá. Ọjọ́ tí onígbèsè tàbí ọmọ rẹ̀ bá mú ojú owó wá, oko gbọ́dọ̀ padà sílé. Ohun tí Elésì sọ ni a fi ṣe gbèsè. Baba lè jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n kò lè fi gbèsè rẹ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí a kò tíì bí.

Báǹkì kò lè fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ yáni lówó. Owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀; ti ìyálọ́jà ni, ti tíṣà ni, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Àwọn wọ̀nyí lè dé lọ́la kí wọ́n ní kí a dá owó wọn padà. Nítorí náà, ìdógò ti báǹkì ní ọjọ́ ìparí. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí owó kò pé, gbàǹjo ni. Ẹni tí ó bá fi ojú ìdógò àtijọ́ wo ti báǹkì, tí ó rò pé ilẹ̀ yóò máa dúró de ọmọ òun, yóò gbọ́ agogo gbàǹjo ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ibi tí òfin owó àti òfin ìjọba ti forí gbárí ni ẹjọ́ tí gbogbo báǹkì Nàìjíríà mọ̀ bí ẹni mowó. Ní 1980, Ajilo fi ilé kan dógò lọ́dọ̀ Savannah Bank. Nígbà tí gbèsè kò ṣeé san, báǹkì fẹ́ ta ilé náà. Ajilo gba kóòtù lọ, ó ní a kò gba ìyọ̀ǹda Gómìnà nígbà tí a ń fi ilé náà dógò. Báǹkì fèsì pé kí òfin 1978 tó dé ni Ajilo ti ní ilẹ̀ náà, àti pé abala 22 kò kan irú rẹ̀. Ní 1989, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ó kàn án. Ẹni tí ó ti ní ilẹ̀ ṣáájú 1978 àti ẹni tí ó gbà á lẹ́yìn rẹ̀, ìyọ̀ǹda kan náà ni wọn yóò gbà. Ìdógò náà di asán, ilé kò sì ṣeé tà.

Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, àwọn onígbèsè kan rò pé àwọn ti rí ọ̀nà àjẹgbé. Kóòtù kò jẹ́ kí ó pẹ́. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, ó là á yé wa pé òfin kò ní kí a má ṣe jọ sọ̀rọ̀, kí a má ṣe kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ìyọ̀ǹda tó dé. Ohun tí ó wí ni pé àdéhùn náà kò tíì pé títí ìyọ̀ǹda yóò fi dé. Ní 1996, nínú ẹjọ́ Ugochukwu àti Co-operative and Commerce Bank, ó tún fi hàn pé ọrùn onílẹ̀ tí ó ń yáwó ni ẹrù gbígba ìyọ̀ǹda wà, kò sì bójú mu kí ẹni tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀ fi àìṣe náà gba èrè. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́ pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Láyé òde òní, igi náà tilẹ̀ gbòòrò sí i: láti oṣù August 2020, ìlànà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi àyè gba báǹkì tí a jẹ ní gbèsè láti fa owó rẹ̀ yọ nínú àpò tí onígbèsè ní ní àwọn báǹkì mìíràn.

Iye èlé náà sì tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù November 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tí àwọn báǹkì ń fi ojú sùn sí ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Bí ènìyàn bá yá mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ní èlé ìdá 30, mílíọ̀nù mẹ́ta ni èlé ọdún kan, láì tíì fọwọ́ kan ojú owó. Bí ilé tí ó fi owó náà kọ́ sí Odògbolú bá ń mú mílíọ̀nù kan àbọ̀ wọlé lọ́dún, ìdajì èlé ni àwọn ayálégbé ń san, ìdajì yòókù yóò ti inú owó oṣù rẹ̀ wá. Bí ó bá sì jẹ́ pulọ́ọ̀tì lásán ni ó rà tí ó ń retí kí ó wọ́n, pulọ́ọ̀tì kì í san èlé. Ṣógúndogójì àtijọ́ tí a ń bú, àwọn báǹkì òde òní kò jìnnà sí i mọ́, àfi pé wọ́n so táì mọ́ ọrùn.

Ọ̀nà tí ó rọjú wà, ṣùgbọ́n ó há. Federal Mortgage Bank, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1977, ni ó ń ṣe àkóso àpò owó ilé gbígbé tí òfin 1992 gbé kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú àpò náà, ó sì lè yá owó kọ́lé tàbí rálé ní èlé ìdá 6, kí ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ títí dé ọgbọ̀n ọdún. Lórí mílíọ̀nù mẹ́wàá kan náà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 náírà ni èlé ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n owó yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ gbé inú ilé, kì í ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ tò ó bí ọjà. Ó sì ń béèrè ìwé ilẹ̀ tí ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tún ṣe padà sí ilé baálé.

BÍ A TI Í KA MẸ́TẸ̀Ẹ̀TA PỌ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ilẹ̀ Odògbolú ṣòwò ní ìbéèrè mẹ́ta láti bi alágbàtọ́ mẹ́ta. Ètò tí ó fi ń bi í sì ṣe pàtàkì. Ìdílé ni a ó kọ́kọ́ bi: ìtàn ilẹ̀ yìí ńkọ́, ta ni olórí ẹbí, ẹ̀ka mélòó ni ó wà, ta ni ó ń ṣojú àwọn ọmọ obìnrin ilé? Lẹ́yìn náà ni a ó bi ìjọba: ṣé ìgboro ni ilẹ̀ yìí tàbí ìgbèríko, ṣé ìjọba kò tíì gbà á fún iṣẹ́ ìlú, ọ̀dọ̀ ta ni ìyọ̀ǹda rẹ̀ wà, èló sì ni yóò ná wa? Báǹkì ni a ó bi kẹ́yìn: èló ni èlé, ṣé ó ń yí padà, ọjọ́ wo ni gbàǹjo? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n gba owó báǹkì tán, wọ́n san án fún ẹbí, èlé bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́, nígbà náà ni wọ́n tó ń wá ìyọ̀ǹda Gómìnà kiri. Èlé kì í dúró de ìwé.

Àwọn kan ń wí pé àṣà ìdílé ni ó ń dí ìlọsíwájú lọ́wọ́, pé bí ilẹ̀ kò bá di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò lè di owó. Èrò yìí kò láìní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ tí ogójì ènìyàn ni, tí wọn kò jọ fẹnu kò, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí a wo ẹjọ́ Ajilo dáadáa. Kì í ṣe àṣà ìdílé ni ó wó ìdógò yẹn. Ìwé ìyọ̀ǹda kan tí ó yẹ kí ó ti ọ́fíìsì Gómìnà wá ni. Àwọn ìdílé Ìjẹ̀bú sì ti ń ta ilẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, a kò sì lè sọ pé ẹ̀rí Elésì dí wọn lọ́wọ́. Ohun tí ẹ̀rí náà ń béèrè ni pé kí ẹni tí ó ń tà mọ̀ pé ti ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ òun, kí ó sì lè ro ìṣirò fún wọn.

Ìdílé fúnra rẹ̀ ni ó ni iṣẹ́ tí ó kù jù láti ṣe. Ẹbí tí ó bá fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ níye kò yẹ kí ó dúró de olùrà kí ó tó pe ìpàdé. Kí àwọn àgbà kọ orúkọ ẹ̀ka ẹbí sílẹ̀, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Kí wọ́n jẹ́ kí awọnlẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ náà nígbà tí àwọn tí ó mọ ààlà ṣì wà láàyè. Kí wọ́n gba ìwé ìjọba ní orúkọ ẹbí. Kí wọ́n sì ronú dáadáa bóyá títà pátápátá ni ó yẹ, tàbí kí a fi ilẹ̀ yáni fún ọdún tí ó níye, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tí òfin béèrè. Ẹni tí ó yá ilẹ̀ fún ogójì ọdún lè kọ́ ilé ìtajà sórí rẹ̀ kí ó sì jèrè, bí ó bá sì di ọjọ́ náà, ilẹ̀ yóò padà sí ọwọ́ àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí a kọ àdéhùn. Ọ̀nà yìí bá àṣà mu, ó bá òfin mu, owó sì ń wọlé lọ́dọọdún dípò kí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan kí a fi ṣe ìnáwó òkú.

Ní ti olùrà, kí ó má ṣe ka àwọn tí ó ń bi í ní ìbéèrè sí ọ̀tá. Àgbà obìnrin tí ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé títí a ó fi pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ni yóò jẹ́rìí fún un lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé. Akọ̀wé ọ́fíìsì ilẹ̀ tí ó ní kí ó lọ mú ìwé kan sí i wá, bí kò bá ti béèrè rìbá, ó ń bá a di ihò tí gbèsè lè gbà wọlé. Òṣìṣẹ́ báǹkì tí ó wí pé ilẹ̀ yìí kò mọ́ tó láti yá owó lé lórí ti sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ohun tí lọ́yà ì bá gba owó ńlá kí ó tó sọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilẹ̀ tí a sì fi ìkánjú rà, ọmọ ẹni ni yóò fi sùúrù ṣe ẹjọ́ rẹ̀.